Kí ni a fi ń mọ èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà yàtọ̀ sí àrífín lásán? Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì ti di ọdún 4 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, mo gbé ẹ̀fọ́ rírò tí mo fi irú sè sínú máíkíròwéèfù ní yàrá tí a ti máa ń sinmi. Kò tíì gbóná tán tí obìnrin òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi wọlé, tí ó fi ọwọ́ bo imú, tí ó sì béèrè pé kí ni ó ń rùn báyìí. Mo ní kí ó má bínú, mo dìde, mo ṣí fèrèsé. Bí mo ṣe ń padà síbi tí mo jókòó sí ni mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe ń gbé níbi tí wọ́n ti wá náà ni wọ́n fẹ́ máa gbé níbí. Ẹni kejì rẹ́rìn-ín. Mo dé abọ́ mi, n kò sì jẹun mọ́ títí iṣẹ́ fi parí lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú ni pé obìnrin yìí kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Òyìnbó bíi tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, síbẹ̀ ó máa ń ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀, ó sì ti fi ọ̀kan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi nítorí bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ní ìgbéraga ni ó ń dà á láàmú, kí n fojú fò ó. Àbúrò mi obìnrin ní rárá, pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbáà ni. N kò fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò jẹ́, n kò sì fẹ́ gbé ohun tí kò yẹ kí n gbé mì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fi ń mọ ìyàtọ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo ṣe tí mo fi fẹ̀yìntì, nítorí náà inú èdè wa ni n ó ti dá yín lóhùn. Bí a bá fetí sí bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń bú ara wọn, a ó rí i pé ibi tí èébú ń dì mú lára ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn di ìwà mú: ọ̀lẹ, wọ̀bìà, aláìgbọ́ràn. Òmíràn di ipò mú: ará oko, òtòṣì, ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tí ó pe ẹlòmíràn ní ará oko ń gbéraga, ọ̀rọ̀ náà sì ń dunni, ṣùgbọ́n ó gbà nínú ọkàn ara rẹ̀ pé bí ará oko bá dé ìgboro, tí ó kàwé, tí ó sì rí ṣe, ọ̀rọ̀ á yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ará oko ni òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èébú tìrantìran, èyí tí a fi bú ènìyàn, tí a fi bú àwọn tí ó bí i, tí a sì fi bú àwọn tí yóò bí. Òun ni àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ rárá nínú ìjà, nítorí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ọba kì í gé ọwọ́ gbogbo ará ilé.

Ẹ wá wo gbólóhùn méjèèjì tí obìnrin náà sọ. Ti àkọ́kọ́ di oúnjẹ mú, ẹ sì rí nǹkan ṣe sí i, ẹ ṣí fèrèsé. Nígbà tí ó sọ èkejì, kò dárúkọ oúnjẹ mọ́. "Àwọn ènìyàn wọ̀nyí" ni ó wí, ibi tí ẹ ti wá ni ó sì tọ́ka sí. Fèrèsé wo ni ẹ fẹ́ ṣí fún ìyẹn? Àrífín ni mo ka ti àkọ́kọ́ sí. Èkejì ni ó kan ìran yín.

Ọmọ Èkó, Birmingham

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ojú mìíràn ni mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún 22 tí mo ti ń gbé ní ilẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa bú ara wọn nítorí ohùn ẹnu, nítorí ilé ìwé tí ènìyàn lọ, àti nítorí àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Mo ní ọ̀rẹ́ òyìnbó kan tí wọ́n bí ní Liverpool, tí ọ̀gá rẹ̀ ní London máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ níwájú àwọn oníbàárà. Ní ti oúnjẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ẹja sínú máíkíròwéèfù ní ọ́fíìsì ilẹ̀ yìí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, òyìnbó ni o, aláwọ̀ dúdú ni o. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé bí a bá ń pe gbogbo àrífín ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, a kò ní rí ẹni gbọ́ tiwa mọ́ nígbà tí èyí tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ti gidi bá dé. Ìyá Ìbejì fúnra wọn sọ pé obìnrin náà kò ka àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀.

Olùgbèjà Òṣìṣẹ́, London

Mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìpàdé ẹ̀sùn ní orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ìbéèrè Ìyá Ìbejì yìí sì ni mo ń gbọ́ jù lọ. Ọmọ Èkó sọ òótọ́ nípa ẹja, wọ́n sì sọ òótọ́ nípa ohùn ará Liverpool. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an nìyẹn, òfin ilẹ̀ yìí pàápàá sì mọ̀ ọ́n.

Òfin tí wọ́n ń pè ní Equality Act, tí wọ́n ṣe ní 2010, dárúkọ ohun 9 tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi ìyà jẹ ènìyàn tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ṣàlàyé pé bí òun bá sọ pé ẹ̀yà, àwọ̀ ara wà nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn jẹ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìran àti ilẹ̀ tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá náà wà nínú rẹ̀. Òṣì kò sí nínú ohun 9 náà, ilé ìwé tí ènìyàn lọ kò sí níbẹ̀, ipò bàbá ẹni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tí wọ́n bí ní Liverpool lè fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè bá ẹni tí ń sín in jẹ wí, ṣùgbọ́n òfin yìí kò ní bá a dì í mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ẹ̀yà. Mo gbà pé ó yẹ kí òfin ro ọ̀rọ̀ àwọn tálákà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tí ó bá rò pé dandan ni kí a gbọ́ orúkọ burúkú kan pàtó kí èébú tó di ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọkùnrin kan wà lórí kẹ̀kẹ́ alágbára mànàmáná tí àwọn tí kò lè rìn dáadáa máa ń gùn, ó sì kò lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin 3 tí wọ́n jẹ́ ará Sípéènì. Ọ̀rọ̀ di asọ̀, ó pè wọ́n ní àjèjì pẹ̀lú èpè, ó ní kí wọ́n padà sí ìlú wọn, ó sì ń fi ìbínú lé wọn títí wọ́n fi wọ ilé oúnjẹ kan. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn Lọ́ọ̀dù, tí wọ́n jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà, agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ pé "àjèjì" kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kankan, nítorí pé gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Britain ni ó kó pọ̀. Ní 2007, àwọn Lọ́ọ̀dù kọ àlàyé yẹn. Wọ́n ní bí a bá kó àwọn ènìyàn pọ̀ nítorí ohun tí wọn kì í ṣe, a ti kó wọn pọ̀ ní ẹ̀yà náà nìyẹn, ìkórìíra tí a bá fi hàn sí wọn nítorí rẹ̀ sì jẹ́ ìkórìíra ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ fiyè sí i pé ará Yúróòpù ni àwọn ọmọbìnrin náà. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kì í ṣe tiwọn.

Nípa pé obìnrin náà a máa rí àwọn agbálẹ̀ fín pẹ̀lú, ìyẹn kò gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó jí adìyẹ lánàá kò torí bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́ tí ó jí lónìí. Ó lè jẹ́ agbéraga sí àwọn agbálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí Ìyá Ìbejì sì jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kí Ìyá Ìbejì wo ohun tí ó fi bú àwọn agbálẹ̀ náà: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni. Ǹjẹ́ ó ti sọ fún ọ̀kan nínú wọn rí pé kí ó má gbé ìwà ìlú rẹ̀ wá síbí?

Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù, Manchester

Ìbéèrè tí Olùgbèjà fi parí ọ̀rọ̀ wọn yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù dáhùn rẹ̀, nítorí pé kò sí ibi tí ó ti hàn sí mi tó ibẹ̀. Ní 1996, ní pápá Wembley, Gareth Southgate gbá pẹ́náritì tí aṣọ́lé Jámánì mú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jáde kúrò nínú ìdíje Yúróòpù. Wọ́n bú u, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021, ní pápá kan náà, Southgate ti di akọ́ni, Marcus Rashford, Jadon Sancho àti Bukayo Saka sì pàdánù pẹ́náritì nínú àṣekágbá pẹ̀lú Ítálì. Ọmọ ọdún 19 ni Saka, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, London ni wọ́n sì ti bí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn ti fi àwòrán ọ̀bọ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ojú ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ayélujára, wọ́n ní kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Qatar, Harry Kane gbá tirẹ̀ sókè kọjá òpó nígbà tí wọ́n ń bá Faransé gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì bú òun náà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ṣẹ̀. Èébú tí Southgate àti Kane gbà dúró sórí pẹ́náritì. Ti àwọn ọmọ wa fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó lọ bá àwọ̀ ara wọn.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nítorí Ọmọ Èkó, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní alẹ́ kan náà yẹn, ẹnìkan kọ ìkọkúkọ sára ògiri tí wọ́n ya àwòrán Rashford sí ní Withington, nítòsí ibi tí mò ń gbé. Gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ṣe ìwádìí, wọ́n sì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò gbà pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí a bú aláwọ̀ dúdú láìjẹ́ pé a bú àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n wí gan-an ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tí wọ́n wí i sí nìkan.

Ọmọ Èkó, Birmingham

Mo dúpẹ́. Mo gba ti ìbéèrè tí Olùgbèjà bi. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi kò ní kí ó padà sí Liverpool rí.

Arìnrìn-àjò, Houston

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí pé níhìn-ín ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́gùn-ún lára lè gún ènìyàn. Ní Gadsden, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú 2 ní ilé iṣẹ́ adìyẹ kan béèrè fún ìgbéga, òyìnbó 2 ni wọ́n sì gbé ipò náà fún. Wọ́n sọ ní ilé ẹjọ́ pé ọ̀gá tí ó yan àwọn òyìnbó náà a máa pe àwọn ní "boy", ìyẹn ọmọdékùnrin. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní bí kò bá ti pè wọ́n ní ọmọdékùnrin dúdú, ọ̀rọ̀ náà nìkan kò fi ẹlẹ́yàmẹ̀yà hàn. Ní 2006, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ ìyẹn. Wọ́n ní ó kù sọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu, ohùn tí a fi sọ ọ́, àṣà àdúgbò, àti bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ yìí mọ̀ pé láti ayé ẹrú ni wọ́n ti ń pe àgbàlagbà ọkùnrin dúdú, tí ó ní ìyàwó, tí ó ní ọmọ, ní ọmọdékùnrin títí yóò fi wọ sàréè. Àwa tí a kì í fi orúkọ lásán pe bàbá ọlọ́mọ, ó yẹ kí ó tètè yé wa.

Ohun kan ń bẹ lọ́kàn mi tí n kò lè fi sílẹ̀ láìsọ. Àwọn ọmọ wa níhìn-ín a máa pe àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní akátá. Èmi náà ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan tí a ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, obìnrin Amẹ́ríkà kan tí ó fẹ́ ọmọ ilé wa béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí òun máa ń gbọ́ lẹ́nu wa bí òun bá ti ń kọjá. N kò lè sọ fún un pé ẹranko ìgbẹ́ ni. Mo wo abọ́ ìrẹsì rẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. N kò pè é mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì ń bá àwọn ọmọ mi wí bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Arìnrìn-àjò, ẹ kú òtítọ́. Ó wà nílé pẹ̀lú. A ń pe ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ní kòbòkóbò, bí ẹni pé ariwo ni ó ń pa, kì í ṣe èdè ni ó ń sọ. A sì ní òwe kan tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó ronú sí i, pé bí Gànbàrí bá pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú. Ọmọkùnrin Haúsá kan wà ní kíláàsì mi nígbà tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dẹ́kun kíkọ ohun tí mo ń pè. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ni í gbàgbé, ẹni tí a sọ ọ́ sí kì í gbàgbé. Èmi kò tilẹ̀ gbàgbé.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Salvador

Láti Bahia ni mo ti ń kí yín. Ní Brazil, òfin kan wà láti 1989 tí ó sọ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ọ̀ràn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹ̀yà rẹ̀ bú, abẹ́ òfin mìíràn tí ó fúyẹ́ ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, wọ́n kó méjèèjì pọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5 sì ni irú èébú bẹ́ẹ̀ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mú nínú òfin tuntun náà ni ìtọ́sọ́nà tí ó fún àwọn adájọ́: kí wọ́n ka ìwà sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà bí ó bá dójú ti ènìyàn, tí ó tẹ́ ẹ, tàbí tí ó dẹ́rù bà á, tí ó sì jẹ́ irú èyí tí wọn kì í sábà hù sí àwọn ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn yòókù. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Òṣàálá lè gbọ́ èébú nínú ọkọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní bá ẹni tí ó fi àgbélébùú sọ́rùn sọ nǹkan kan. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Olùgbèjà Òṣìṣẹ́, London

Ìyá Ìbejì, ohun tí ó kù ni bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lónìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi sọ ọ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, yàrá, àti ẹni tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó rẹ́rìn-ín náà pẹ̀lú. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni obìnrin náà, nítorí pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà rere rẹ̀ fún yín, wọn yóò sì dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí bú mi nítorí ibi tí mo ti wá. Òfin 2010 kò béèrè bóyá ó ní in lọ́kàn nìkan: bí kò tilẹ̀ gbèrò rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹ̀yà bá tẹ́ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì bọ́gbọ́n mu pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, ìdààmú ni wọ́n ń pè é, agbanisíṣẹ́ sì lè jẹ̀bi ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá le débi pé ẹ fẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, àkókò tí wọ́n fún ènìyàn kò gùn, nítorí náà ẹ tètè pe Acas, àjọ tí ń bá òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ yanjú aáwọ̀, wọn kì í gba owó.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ó ti parí. Ọ̀rọ̀ yẹn wá láti inú ìwádìí Macpherson ti 1999, tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá lẹ́yìn tí wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Stephen Lawrence, ní London ní 1993. Ó ní bí ẹni tí wọ́n ṣe é sí, tàbí ẹlòmíràn, bá ti rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn ọlọ́pàá kì í fẹ́ kọ ọ́ rárá tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kíkọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́, ẹ ṣì ní láti ṣàlàyé.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín pátá. Mo kọ ọ́ lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, ìwé náà kò ju ojú ewé 1 lọ. Mo fún mánéjà wa láàárọ̀ yìí. Ó kà á, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá nítorí òórùn oúnjẹ náà ni. Mo ní rárá, mà á, pé mo ti ṣí fèrèsé fún ìyẹn, mo sì fi ọwọ́ tọ́ka gbólóhùn kejì fún un. Ó tún un kà jẹ́jẹ́, ó sì ní ká pàdé ní Ọjọ́bọ̀. Olùgbèjà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè mú ẹnìkan dání?

Olùgbèjà Òṣìṣẹ́, London

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé lórí ẹ̀sùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mú aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dání, bí ẹ bá ti béèrè ṣáájú. Ó lè bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá yín dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín. Nítorí náà, ẹ fi ìwé yẹn sọ́wọ́, kí ẹ sì tún gbólóhùn kejì náà kà kí ẹ tó wọlé.